Owó Àjọ Tí Kò Dé Adátán: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Ọmọ SS2 Kan àti Ìpolówó Tẹ́tẹ́ Bọ́ọ̀lù

Ọmọkùnrin tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Kíláàsì SS2 ló wà ní ilé-ìwé girama ìjọba kan ní Abẹ́òkúta, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùdámọ̀ràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Òun àti ìyá rẹ̀ gbà pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ mi, mo sì ti yí àwọn nǹkan kéékèèké kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. N kò fọwọ́ kan iye owó tàbí àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́, nítorí bí a bá yọ ìyẹn kúrò, ìtàn ọmọ tó jí owó ìyá rẹ̀ lásán ni yóò kù, ìtàn yẹn kò sì jẹ́ òtítọ́.

Ìyá rẹ̀ ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ní Èkó, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló máa ń wálé. Wọ́n bí àbúrò ọkùnrin kan lé e, tó wà ní JSS1. Kò sí olùkọ́ tó mọ ọmọ náà sí oníjàngbọ̀n: ó máa ń tètè dé, ìṣirò rẹ̀ yá ju ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ìyá rẹ̀ sì fọkàn tán an débi pé òun ló máa ń rán níṣẹ́ owó. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, ìyá náà ka ₦36,000 lé e lọ́wọ́ pé kí ó gbé e lọ fún olórí àjọ wọn ní Adátán bó bá ti jáde ní ilé-ìwé. Owó náà kò dé Adátán. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, olórí àjọ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Ìtòkú, ó dúró lẹ́nu ìsọ̀, ó sì béèrè lójú àwọn oníbàárà bóyá ìyá náà ti jáwọ́ nínú àjọ ni. Ẹni tó bá mọ ọjà yóò mọ̀ pé ìtìjú ìbéèrè yẹn ju ₦36,000 lọ. Obìnrin tí wọ́n bá ti pè ní aláìdájọ nínú ẹgbẹ́ kò ní rí aṣọ gbà láwìn mọ́.

Ìpàdé mẹ́ta ló gbà mí kí ọmọ náà tó sọ bí owó náà ṣe lọ. Àsìkò Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Qatar ni. Ó ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù láti SS1, ₦100 níhìn-ín, ₦200 lọ́hùn-ún, lórí àkáǹtì tí ẹ̀gbọ́n àdúgbò kan ṣí ní orúkọ ara rẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 22, Argentina àti Saudi Arabia fẹ́ wàákò ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ tiwa. Argentina ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rìndínlógójì láìpàdánù ẹyọ kan. Ọmọ náà yọ ₦5,000 nínú owó àjọ, ó fi Argentina sórí tíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ikọ̀ mẹ́rin mìíràn, ó sì fi ara rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ pé òun yá a ni, pé yóò ti padà sínú àpò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó fo ògiri ilé-ìwé nígbà ìsinmi ránpẹ́, ó sì lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Nígbà tí Messi gbá pẹnárítì wọlé ní ìṣẹ́jú kẹwàá, ó ní òun ti ń ronú irú ìró tí òun yóò rà fún màmá òun. Saudi Arabia gbá méjì wọlé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn ìsinmi ìdajì. “Argentina gé mi, sà,” ni ó wí, bí ẹni pé Argentina mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ kejì ó fi ₦12,000 lé Jámánì lórí kí ó lè rí ₦5,000 náà gbà padà. Jámánì ló kọ́kọ́ gbá wọlé, Japan sì gbá méjì sí i kí wọ́n tó fọn fèrè ìkẹyìn. Ó ku ₦19,000. Ìyẹn kò tilẹ̀ dúró de Ife Àgbáyé. Ó bá ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lọ ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́, lórí bọ́ọ̀lù inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní virtual, tí kò sí ènìyàn ẹlẹ́ran-ara kankan nínú rẹ̀, tí òmíràn sì ti ń bẹ̀rẹ̀ kí a tó fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé èyí àkọ́kọ́ parí.

Ohun tí ilé àti ilé-ìwé kọ́kọ́ ṣe kò ju ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe lọ. Bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ láti Èkó wá, ó nà án, ó sì gba fóònù rẹ̀. Ọ̀gá àgbà fẹ́ lé e sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì; mo bẹ̀ wọ́n pé ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ni yóò ti lo ọ̀sẹ̀ méjì náà, wọ́n sì gbà. Èmi náà jókòó, mo wàásù. Mo sọ fún un pé tẹ́tẹ́ kò tọ́ sí ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, mo sọ ìtàn àwọn tó ta ilé àti ọ̀nà nítorí tẹ́tẹ́, mo fi orúkọ ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà” ni gbogbo ìdáhùn rẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí olùkọ́ kan fi rí i ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, tó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé sínú báàgì. Fóònù tí bàbá rẹ̀ gbà kò dí i lọ́wọ́, nítorí ṣọ́ọ̀bù ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì bébà, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kì í sì í béèrè ọjọ́ orí.

Ìyá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi láìmọ̀. Ó wá sí ọ́fíìsì mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú ìwé kíkọ olójú-ewé púpọ̀ tó rí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀, ó fi gèlè dì í bí ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ lásán mú. “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ bá mi wò ó,” ni ó wí. “Àbí wọ́n ti mú un wọ ẹgbẹ́ kan ni?” Mo ṣí i. Gbogbo ojú-ìwé ni ọmọ náà fi rúlà pín: orúkọ ikọ̀ lápá òsì, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún tí wọ́n gbá kẹ́yìn lápá ọ̀tún, báírò búlúù fún ẹni tó borí, pupa fún ẹni tó fìdí rẹmi, àlàyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nípa agbábọ́ọ̀lù tó farapa àti ẹni tí káàdì pupa kò jẹ́ kó gbá. Ìwé ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ọrọ̀-ajé rẹ̀ kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹni tí mo ti ń wàásù fún láti ọjọ́ yìí kọ́ ló jókòó níwájú mi. Mo ti ń bá olójúkòkòrò sọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ aláápọn ló sì ń gbọ́ mi.

Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ láti máa ṣe é. Ó ní kò sí ẹni tó kọ́ òun, rédíò ni. Lórí ètò eré ìdárayá tí òun àti àbúrò rẹ̀ máa ń gbọ́ kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé, ìpolówó tẹ́tẹ́ a máa wọlé ṣáájú ìròyìn, láàárín ìròyìn, àti lẹ́yìn ìròyìn, ohun kan náà ló sì ń tẹnu mọ́: ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù, kó má jẹ́ kí ìmọ̀ náà sùn lásán. Kò sí ìpolówó tó sọ fún un pé kó ta tẹ́tẹ́. Wọ́n sọ fún un pé ó mọ nǹkan. Ọmọ tó jẹ́ pé ní ilé, àbúrò ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé bọ́ọ̀lù yóò sọ ọ́ di ọ̀lẹ, ohùn kan ṣoṣo tó ń pe ìmọ̀ bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní ọgbọ́n ni ohùn ìpolówó. Ìwàásù mi nípa tẹ́tẹ́ ń kọjá lórí rẹ̀ nítorí pé, lọ́kàn tirẹ̀, kì í ṣe atatẹ́tẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé èmi alára lè kọ orin ìpolówó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo gbìyànjú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi sì bá mi gbè é.

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú lẹ́yìn èyí ni ìṣirò, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò wa bá mi jókòó tì í. A sọ pé kí ó gbà pé òun mọ bọ́ọ̀lù gan-an, tó fi jẹ́ pé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá, òun yóò gba méje. Tí ó bá wá kó mẹ́wàá sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, tí gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí i kó tó jẹ, a óò sọ 0.7 di púpọ̀ nípa ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é: 0.028. Nínú ọgọ́rùn-ún tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, kò tó mẹ́ta tí yóò jẹ. Olùkọ́ náà tún fi owó ẹyọ ṣàlàyé èrè onítẹ́tẹ́ fún un. Ẹni tó bá ń ṣe é láìjèrè yóò san ₦2 lórí ₦1 fún ẹni tó bá mọ ojú tí owó ẹyọ yóò dé, ṣùgbọ́n ₦1.90 ni onítẹ́tẹ́ máa ń san. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá yẹn ló kọ́lé fún wọn. Bí a bá sì to irú rẹ̀ mẹ́wàá lé ara wọn lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, ₦100 tí a fi ta á kò níye lórí ju bíi ₦60 lọ kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ rárá.

Ó lóye gbogbo rẹ̀. Ó tilẹ̀ bá olùkọ́ tún ìlà kan ṣe. Lẹ́yìn náà ó wí pé, “Ṣùgbọ́n sà, àwọn tí kò mọ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń ba ìṣirò yẹn jẹ́.” Mo rí i pé ìṣirò dàbí òjò lórí ewé kókò. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn gbà pé ìṣirò ló yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìṣirò ń dáhùn ìbéèrè tí ọmọ náà kò bi.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 mo fún un ní ìwé kékeré kan, mo ní kí ó fi ọ̀sẹ̀ kan ṣàkọsílẹ̀ gbogbo ìpolówó tẹ́tẹ́ tí ojú rẹ̀ bá rí àti èyí tí etí rẹ̀ bá gbọ́: ibi tó ti rí i, ta ló wà nínú rẹ̀, kí ni ẹni náà ń ṣe. N kò ní kí ó dẹ́kun ohunkóhun. Mo mọ̀ pé ẹni tó lè rúlà ìwé bọ́ọ̀lù lè rúlà èyí. Ó mú un padà pẹ̀lú ojú-ewé mẹ́rin tó kún. Rédíò wà níbẹ̀, pátákó ńlá tó wà ní Pánṣẹ́kẹ́ wà níbẹ̀, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ilé ìwòran, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ìyá rẹ̀, aṣọ bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wọ̀ lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ní ìsàlẹ̀ ojú-ewé kẹta ó kọ “àbúrò mi”. Aṣọ ikọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá wọn rà fún àbúrò náà ní ọdún Kérésì ní orúkọ ilé tẹ́tẹ́ gàdàgbà láyà. Mo sọ fún un pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, wọn kì í tẹ orúkọ ilé tẹ́tẹ́ sára ẹ̀dà aṣọ tí wọ́n ń tà fún ọmọdé. Ayédèrú tó dé ọjà wa ni kò mọ ìyàtọ̀ ọmọdé àti àgbà. Ó dákẹ́ lórí ìyẹn pẹ́.

Abala tó yà mí lẹ́nu jù lọ nínú ìwé náà ni èyí tó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n àdúgbò sí, ẹni tó ṣí àkáǹtì fún un. Ìgbà mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n náà gbé àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì tó jẹ sórí WhatsApp rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo bi ọmọ náà pé tíkẹ́ẹ̀tì mélòó ni ẹ̀gbọ́n náà ta tí kò jẹ. Kò mọ̀. Mo ní kí ó wo gbogbo ojú-ewé mẹ́rin náà, kí ó fi pupa fa ìlà sábẹ́ ẹni tó pàdánù. Ó yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gbé báírò pupa kalẹ̀ láìfa ìlà kan. “Sà, kò sí ẹnì kan tó ń sunkún níbẹ̀.” Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n náà máa ń gba owó lórí gbogbo ẹni tó bá fi kóòdù rẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Òun ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, kò kàn tíì pe orúkọ rẹ̀ ní ìpolówó rí.

Lójú tèmi, ibí yìí ni àwa olùdámọ̀ràn máa ń kù sí. A máa ń kọ́ àwọn ọmọ láti fura sí pátákó àti rédíò. Ìpolówó inú ìwọ̀nyẹn ní ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin ọdún 2022 tó dá ARCON, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìpolówó, sílẹ̀ ní kí ìgbìmọ̀ kan rí ìpolówó kó tó jáde, ìdí sì nìyẹn tí “18+” fi máa ń wà ní igun pátákó, kódà bó bá kéré bí ẹyin iná. Kò sí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ WhatsApp ẹ̀gbọ́n àdúgbò wò. Ọmọ kò sì ní fura sí ẹni tó ń yá a ní bàtà, tó ń pè é ní “àbúrò mi pàtàkì”.

Ohun tó já okùn náà gan-an kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ọmọ náà wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí Telegram, níbi tí ọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ olówó ńlá yàwòrán ti máa ń sọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí yóò wáyé àti ẹni tí yóò borí. Ó ti sọ mẹ́ta tó bọ́ sí i lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ti ní kí wọ́n san ₦5,000 fún ẹ̀kẹrin, èyí tó ní àwọn agbábọ́ọ̀lù ti tà sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ọmọ SS3 kan wà lọ́dọ̀ mi lórí ọ̀rọ̀ tó jọ èyí. Mo jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé nínú ọ́fíìsì mi, mo sì jáde lọ wá omi mu. Nígbà tí mo dé, fóònù méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, ọ̀kan ti ọmọ SS3, èkejì tèmi tí ọmọ náà yá láti fi ṣí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin ọlọ́kọ̀ kan náà ni. Fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan náà ní Ítálì, ó sọ fún ẹgbẹ́ kan pé onílé ni yóò borí, ó sì sọ fún èkejì pé àlejò ni. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú wọn.

Mo mú bébà, mo sì ṣàlàyé bí irú wọn ṣe ń ṣe é. Bí ènìyàn 2,700 bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sọ fún 900 pé onílé ni, fún 900 pé àlejò ni, fún 900 pé ọ̀mì ni. Ó dájú pé 900 yóò rí i pé ó sọ òótọ́. Yóò gbàgbé àwọn yòókù, yóò tún pín 900 yìí sí mẹ́ta. 300 ni yóò kù tó ti rí i lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà 100 tó ti rí i lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn 100 yẹn yóò búra pé wòlíì ni. Ọmọ náà gba báírò lọ́wọ́ mi, ó kọ “èmi” sí abẹ́ 100 náà, ó fi òbìrí yí i ká. Ìṣirò tó kọ̀ láti wọlé ní oṣù tó kọjá wọlé lọ́jọ́ yẹn, nítorí pé kì í ṣe ìṣirò bọ́ọ̀lù mọ́. Ìṣirò bí wọ́n ṣe yan òun ni. Wọ́n ti sọ fún un pé ó mọ nǹkan. Ó rí i lójú ara rẹ̀ pé àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n ju bó ṣe mọ bọ́ọ̀lù lọ.

Mo fẹ́ kọ pé ó jáwọ́ láti ọjọ́ náà. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sínú fáìlì mi ní oṣù Kejì. Àmọ́ ẹni tó bá rántí oṣù Kejì ọdún 2023 yóò rántí pé kò sí owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àsìkò tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà ni, tí àwọn ènìyàn ń sùn sí ẹnu ọ̀nà báńkì. Ọ̀wọ́n owó ló bá mi ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Ní oṣù Kẹrin, lẹ́yìn tí owó ti padà sígboro tí wọ́n sì ti dá fóònù rẹ̀ padà fún un, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé ní ọjọ́ Ẹtì nígbà ìsinmi Àjíǹde pé wọ́n ti fún un ní bónọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́, kìkì pé kí ó fi díẹ̀ sí i. Ó fi ₦1,000 tirẹ̀ sí i, ó sì lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní ọjọ́ tí ilé-ìwé wọlé, òun ló wá bá mi kí n tó ránṣẹ́ pè é. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Sà, wọ́n tún mú mi.” Kò sọ pé òun tún ta tẹ́tẹ́. Mo fi sọ́kàn.

Àṣìṣe mi ni. Mo ti bá a tú ìpolówó palẹ̀ fún oṣù kan láìti ẹnu ọ̀nà tí ìpolówó ń gbà wọlé. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni síìmù náà wà, ìyá náà kì í sì í ka àtẹ̀jíṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó rò pé ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì ni gbogbo wọn. Lọ́jọ́ náà a fi “STOP” ránṣẹ́ sí 2442, nọ́ńbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó fi ránṣẹ́, a sì ti àkáǹtì tí ẹ̀gbọ́n àdúgbò ṣí fún un pa, èyí tó gba ìjókòó méjì pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n náà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí 2442. Ó yẹ kí n ti ṣe é ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí n tó mọ ohunkóhun nípa ìwé onírúlà.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti parí HND ló wà nídìí rẹ̀, tí kò ríṣẹ́ mìíràn, tó ń jẹ kọ̀míṣọ́ọ̀nù lórí ohun tí wọ́n bá tà. Ó fún mi ní àga, ó sì bá mi sọ òtítọ́. “Ọ̀gá tíṣà, tí mo bá lé ọmọ yín, ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ni yóò lọ, ọ̀gá mi á sì bi mí léèrè owó.” Ó gbà láti lẹ bébà mọ́ ògiri pé ẹni tó wọ aṣọ ilé-ìwé kò gbọ́dọ̀ wọlé. Àwọn ọmọ wa wulẹ̀ ń gbé ẹ̀wù mìíràn sínú báàgì ni. N kò dá a lẹ́bi tó bí mo ṣe rò tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì lè sọ pé ìbẹ̀wò náà ṣe ọmọ kankan láǹfààní. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ọdún méjì géérégé sí ọjọ́ tí Argentina “gé” ọmọ yìí, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé òfin lọ́tìrì orílẹ̀-èdè ti ọdún 2005, ó ní ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Fún wa ní Ògùn, ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà nípa ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé rẹ̀, Òkè-Mósàn, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wà, ni kí ó kọ ọ́ sí. Mo ti kọ méjì.

Fún ẹ̀yin tí irú ọmọ yìí yóò jókòó síwájú yín, ohun tí mo yí padà nínú iṣẹ́ mi kò pọ̀. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa tẹ́tẹ́, tàbí nípa ọṣẹ ìbóra, tàbí nípa ọtí inú ike tí wọ́n ń polówó fún ọ̀dọ́, mo máa ń ní kí ọmọ náà kọ orin ìpolówó náà fún mi, kí ó sì sọ irú ènìyàn tí orin náà ń pè é. Ìdáhùn kì í jọ ara wọn. Ọmọbìnrin kan tó ń bóra ní ọdún tó tẹ̀lé e sọ fún mi pé ẹni tí wọ́n ń pe òun ni “ẹni tí wọ́n á rí”, ọ̀rọ̀ yẹn sì ni a jọ ṣiṣẹ́ lé lórí, a kò tíì dárúkọ ìpara fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ìpolówó bá ti pe ọmọ ní ọlọ́gbọ́n, ẹ má pè é ní òmùgọ̀. Ẹ wá ibòmíràn tí ọgbọ́n náà yóò ti jẹun. A fi ọmọ tiwa sí ìdí àkọsílẹ̀ ìdíje bọ́ọ̀lù láàárín àwọn ilé-ìwé, a lẹ àtẹ èsì tó ń kọ mọ́ ògiri, àwọn olùkọ́ sì ń wá bi í léèrè ẹni tí yóò borí. Ó máa ń dáhùn. Kì í sábà tọ̀nà ju àwa yòókù lọ, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ní ti ₦36,000, ìyá rẹ̀ ti yá owó láti dá àjọ náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ṣùgbọ́n kò gbà pé kí a fi ọ̀rọ̀ nìkan tán an. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ aró lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, ó ń san ₦1,500 fún ìyá rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún, aró sì mú èékánná rẹ̀ dúdú ní gbogbo àsìkò náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó san èyí tó kẹ́yìn, ìyá rẹ̀ tún ka owó àjọ oṣù yẹn lé e lọ́wọ́, ₦36,000 pé pérépéré, ó ní kí ó gbé e lọ sí Adátán. Ó mú àbúrò rẹ̀ dání. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti kọjá nígbà tó pè mí lórí fóònù olórí àjọ, mo sì ń gbọ́ ohùn obìnrin náà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ka owó.

“Sà,” ni ó wí, “wọ́n ń kà á lọ́wọ́.”